Àwo Tí Kò Ní Iyọ̀

Màrwà, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò, ló gbé fóònù mi wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ ìgò. Ó ní ó ti dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọwọ́ mi kún fún ọṣẹ, nítorí náà òun ló gbé e lé mi létí.

"Sìstá Ọdúnọlá," ohùn obìnrin kan wí. "Adwoa ni, ọ̀rẹ́ Jọláadé. Etí òkun ni mo ti ń pè yín."

Èdè Fante ló ń sọ. Mo ń gbọ́ ọ, nítorí kò jìnnà sí Twi tí a gbọ́ dàgbà ní Tafo, ní Kumasi.

"Mò ń gbọ́."

"Òkun gbé àbúrò yín láàárọ̀ yìí. Àwọn apẹja ti rí i. A ti wẹ̀ ẹ́, a ti tẹ́ ẹ sílé. Due, Sìstá. Due, ẹ kú ọ̀fọ̀."

Mo ṣe Màrwà ní àmì pé kó gbé fóònù náà kúrò. Mo fọ ìgò tó wà lọ́wọ́ mi tán, mo ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, mo dojú rẹ̀ dé. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ẹkún. Mo ń ronú bí màá ṣe sọ ọ́ fún Ìyá, ẹni tí ì bá tẹ́ lọ́rùn, lójú tèmi, kó jẹ́ pé èmi ni òkun gbé.

Àwa méjì péré ni Ìyá bí. Mo fi ọdún mẹ́rin ju Jọláadé lọ. Bàbá wa jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Suame Magazine; apá rẹ̀ ká ọmọ kan ṣoṣo ní ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì, èmi ló sì rán lọ. Jọláadé lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ títà. Gbogbo ará ilé wa gbà nígbà náà pé èmi ni mo rí ọ̀nà. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo kọ́ bí a ti ń wá ohun tí ojú lásán kò lè rí, mo sì gbaṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò aládàáni kan ní Bantama, nínú Kumasi kan náà, níbi tí àwọn aláìsàn tí wọn kò lè dúró lórí ìlà ní ilé ìwòsàn ńlá ti ń gbé ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wọn wá. Ọdún kẹrìndínlógún mi nìyí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ya àwòrán mi rí.

Jọláadé fẹ́ apẹja kan tó ń jẹ́ Kojo, ó bá a lọ sí ìlú kékeré kan létí òkun, lápá Winneba. Nígbà tí Kojo kú, àwọn ẹbí rẹ̀ gba ọkọ̀ ojú omi, wọ́n gba àwọ̀n, wọ́n gba yàrá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, wọ́n ní kó lọ máa gbé èyí tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Mo ránṣẹ́ sí i pé kó máa bọ̀ nílé. Mo fẹ́ kó wá lóòótọ́. Mo ti ro igun yàrá tí màá fún un, mo ti ro bí màá ṣe máa bu oúnjẹ fún un, tí á sì máa dúpẹ́.

Kò wá. Ilé-iṣẹ́ kan dé sí etíkun náà, ó ń wá àwọn opó tí yóò máa gbin ewé òkun. Wọ́n á so ẹ̀ka rẹ̀ kéékèèké mọ́ okùn, wọ́n á na okùn náà láàárín òpó méjì nínú omi tí kò ju ìbàdí lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀ka tí kò tó ìka ọwọ́ á ti di ìdì tí ènìyàn á fi apá méjèèjì gbé. Wọ́n á ká a, wọ́n á sá a gbẹ, ilé-iṣẹ́ á sì kó o lọ sí òkè òkun fún àwọn tó ń fi í ṣe oúnjẹ àti oògùn. Jọláadé, tí kò tilẹ̀ mọ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́, ni okùn tirẹ̀ dára jù. Àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wá bá a. Wọ́n bi í léèrè bó ṣe ń ṣe é, ó ní òun máa ń bá àwọn ewé náà sọ̀rọ̀ ni, gbogbo Ghana sì rẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan nínú wọn fi àwòrán rẹ̀ ńlá kan ránṣẹ́ sí Ìyá. Nínú rẹ̀, Jọláadé dúró nínú omi, ó gbé ewé òkun sókè bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ìṣó kan péré ni ògiri pálọ̀ wa lè gbà kó má fọ́, ìwé-ẹ̀rí mi ló sì wà lórí rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, mo bá ìwé-ẹ̀rí náà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, àwòrán Jọláadé ló wà lórí ìṣó.

"O ò ní bínú, Ọdún," Ìyá wí. "Ṣebí ìwọ ń rí iṣẹ́ tìrẹ lójoojúmọ́."

"N kò bínú, Ìyá."

Èmi ni mò ń fọ aṣọ rẹ̀. Èmi ni mò ń ka oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lé e lọ́wọ́ láràárọ̀. Ṣùgbọ́n tí Jọláadé bá pè lórí fóònù, Ìyá á kọ́kọ́ tún gèlè rẹ̀ wé kó tó dáhùn, bí ẹni pé ọmọ náà ń rí i.

Oṣù mẹ́ta kí ìpè Adwoa tó wá, Jọláadé wọ ilé àyẹ̀wò wa láì sọ tẹ́lẹ̀. Ó ru àpò ìdọ̀họ tútù kan, omi ń kán láti ibẹ̀, òórùn òkun sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn tó jókòó ti ìgò ìtọ̀ wọn yí ojú sí i. Ó kúnlẹ̀ kí mi níwájú gbogbo wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Bí mo bá pè yín, ẹ ó ní kí n má wá."

"Kí lo rù?"

"Àwọn ọmọ mi ni. Ara wọn ò yá."

Ó tú àpò náà. Ewé tó yẹ kó pọ́n bí epo ti ń funfun láti orí ẹ̀ka wá sí ìdí, ó rọ̀, ó dà bí ohun tí wọ́n bọ̀. Mo fi ìka kàn án, ó já.

"Ara irúgbìn tuntun tí ilé-iṣẹ́ pín fún wa ló ti bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Kí n tó mọ̀, ó ti ran okùn kejì, ó ti ran ti Adwoa. Wọ́n ní irúgbìn àwọn mọ́. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí Kumasi. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ níbẹ̀, kò sí kòkòrò tó lè sá pamọ́ fún un." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti fi yín yangàn tán, ẹ má dójú tì mí o."

Bí inú mi bá mọ́ ni, ǹ bá gbọ́ ìfẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ó tún ti sọ mí di ohun ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀.

Ọ̀gá wa, Dókítà Fatawu, jáde láti inú ọ́fíìsì rẹ̀. "Akwaaba, káàbọ̀, Màámi Òkun. Àbí kì í ṣe ìwọ ni mo rí lórí tẹlifíṣọ̀n?" Ó mú un wọlé, ó fi í jókòó sórí àga tirẹ̀, ó ní kí Màrwà lọ ra mólìtì tútù wá. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọdúnọlá, o ò sọ fún wa pé àbúrò rẹ lolókìkí yìí."

"Ẹ ò bi mí, sà."

Ọdún kẹrìndínlógún, mi ò tíì jókòó nínú yàrá yẹn rí.

Lọ́jọ́ kejì, aṣojú ilé-iṣẹ́ ewé òkun náà dé, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kwadwo. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wá nìyẹn. Ẹ̀rọ amúlétutù tuntun ti wà lára ògiri ọ̀gá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀gá sọ pé ọ̀rẹ́ kan ló fi ta òun lọ́rẹ, a kò sì béèrè orúkọ ọ̀rẹ́. Àwọn méjèèjì ti ìlẹ̀kùn mọ́rí fún bíi wákàtí kan. Nígbà tí Kwadwo lọ tán, Dókítà Fatawu pè mí.

"Àwọn àlejò ilé-iṣẹ́ náà ń bọ̀ láti òkè òkun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwo wo ló wà nínú fìríìjì?"

"Àwo ìtọ̀ nìkan, sà. Màá da tuntun, màá fi iyọ̀ sí i."

"Kò sí àyè tuntun. Lo èyí tó wà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo fẹ́ èsì."

Kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́.

Àwo tí à ń wí yìí, àwo pẹlẹbẹ kékeré ni, tí a ń da oúnjẹ kòkòrò sí kó dì bí ẹ̀kọ tútù. A á fi ohun tí à ń yẹ̀ wò pa á lójú, a á gbé e síbi tó móoru, bí kòkòrò bá wà níbẹ̀, á jẹun, á pọ̀, á hù síta kí ojú lè rí i. Èyí tí a ń lò fún ìtọ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iyọ̀ nínú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bakitéríà inú òkun kì í jẹun níbi tí kò sí iyọ̀. Èèyàn lè fi í síbẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àwo náà á mọ́ bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo mọ èyí. Dókítà Fatawu mọ̀ ọ́n. Òun ló kọ́ mi.

Iṣẹ́ tí kò gba wákàtí kan ni, kí n da tuntun. Ọ̀gá ì bá má tilẹ̀ mọ̀. Mo dúró nídìí tábìlì, ìgò iyọ̀ wà níwájú mi, mo sì ń ro ti ilé. Láti ìgbà tí Jọláadé ti dé ni Ìyá ti ń jẹun tán. Orí ibùsùn Ìyá ló ń sùn. Ẹ̀rín àwọn méjèèjì ń gba ara ògiri wá bá mi, bí mo bá sì wọlé sí wọn, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á fún mi láyè láti jókòó, bí a ti ń ṣe fún àlejò. Mo ní nínú ara mi, jẹ́ kó gbé ìwé lọ tó sọ pé irúgbìn mọ́. Jẹ́ kí wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ́. Lẹ́ẹ̀kan péré. Kí ojú tì í lẹ́ẹ̀kan, bí ojú ti ń ti àwa yòókù.

Mo mú àwo ìtọ̀ jáde.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, kò sí ohun tó hù. Mo kọ ọ́ pé, "Kòkòrò àrùn kankan kò hù lórí àwo." Gbólóhùn náà kì í ṣe irọ́. Mo fọwọ́ sí i, Dókítà Fatawu sì lu òǹtẹ̀.

Jọláadé kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kà tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé ìwé náà fún mi pé kí n túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní irúgbìn mọ́."

"Kí ló wá ń pa wọ́n?"

"Ìtọ́jú lè jẹ́. Bóyá okùn rẹ dọ̀tí."

Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń wò ó. Okùn ti ya á káàkiri. "Mo rò pé mò ń fọ̀ wọ́n dáadáa ni," ó ní. "Ó dáa. Bí ẹ bá ti sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ó ti parí." Ó sọ fún Ìyá pé ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ òun. Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. N kò rántí ìgbà tó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi kẹ́yìn, inú mi sì dùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, níbi ìsìnkú ni Adwoa ti sọ ọ́ fún mi. Kwadwo ka ìwé náà fún gbogbo àwọn opó létí omi. Ó ní Kumasi ti sọ̀rọ̀, irúgbìn kò lẹ́bi, ọ̀lẹ ni. Láti ọjọ́ náà, kí oníkálùkù máa wọ omi láràárọ̀ láti nu okùn rẹ̀. Kí wọ́n sì sún okùn jìnnà, síbi tí omi ti jìn tó sì mọ́. Ẹni tí kò bá ṣe é, wọ́n á gba okùn rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Oṣù tí ìgbì ń ga la wà yìí.

"Àwa kan ń ráhùn," Adwoa wí. "Jọláadé ní ká yé ráhùn. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kì í ṣìṣe. Òun ló máa ń kọ́kọ́ wọ omi."

Wọ́n pọ̀ níbi ìsìnkú náà. Gbogbo obìnrin etíkun wá, àwọn apẹja wá, àwọn ọmọdé kọrin. Mo dúró lẹ́bàá kòtò, mo ń kà wọ́n, mo sì ń ro iye tó máa wá sí tèmi. Bí ọkàn mi ti rí nìyẹn, lórí ibojì rẹ̀.

Ìyá kò lè rin ìrìn-àjò náà. Nígbà tí mo padà dé Tafo, ó jókòó ní pálọ̀, orí rẹ̀ ṣófo láìsí gèlè. Ó wò mí pẹ́ títí.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mi ò fẹ́, Ìyá."

"Jẹun. Ìwọ ló kù." Ó fọwọ́ nu ẹnu. "Nígbà tí bàbá yín rán ọ lọ sílé-ìwé, Jọláadé fi odidi oṣù kan sunkún. Ó máa ń wọ yúnifọ́ọ̀mù rẹ tí o bá ti bọ́ ọ sílẹ̀. Mo máa ń nà án. Ó jowú rẹ títí ó fi dàgbà, ìwọ ò sì mọ̀."

Mo lọ sí ilé ìdáná, mo tan iná, mo sì dúró tì í láì gbé nǹkan kan kaná.

Kí n tó kúrò létíkun lẹ́yìn ìsìnkú, mo ti gé nínú ewé tó kù lórí okùn Jọláadé, mo fi sínú ìgò omi òkun, mo gbé e bọ̀ wá sí Bantama. Mo da àwo tuntun, mo wọn iyọ̀ sí i. Kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo ojú àwo ti bò. Bakitéríà náà yọ́ bí ìpara, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó gba etí dé etí. Màrwà wò ó, ó sì wo ojú mi.

Mo gbé e lọ bá Dókítà Fatawu.

"Kí nìyí?"

"Ewé àbúrò mi ni, sà. Mo fi iyọ̀ sí i."

Ó gbé àwo náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó sì tún gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí mi lọ́rùn.

"Àwọn àlejò ti ka ìwé àkọ́kọ́, Ọdúnọlá. Wọ́n ti padà lọ."

"Ẹ jẹ́ ká kọ òmíràn. Bí ìwé bá sọ pé irúgbìn ni, ilé-iṣẹ́ á kó o kúrò, wọ́n á sì yọ àwọn obìnrin náà kúrò nínú ibú."

"Ta ló fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́?"

"Èmi ni."

"Kí ni kí n wá kọ? Pé òṣìṣẹ́ tó ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún gbàgbé iyọ̀?" Ohùn rẹ̀ kò le rárá. Ó fa àga kan jáde fún mi. "Jókòó. Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọmọ kan nù. Bí o bá pàdánù iṣẹ́ báyìí, ta ni á máa ra oògùn fún un?"

N kò jókòó. N kò sì lè sọ pé irọ́ ló pa.

Mo fi ọwọ́ ara mi kọ èsì náà sórí ìwé lásán, mo wọ ọkọ̀ lọ sí etíkun. Mo dé ibẹ̀ kí oòrùn tó le. Àwọn obìnrin bí ogún ti péjọ létí omi, Kwadwo sì dúró lókè pẹ̀lú ìwé orúkọ lọ́wọ́. Mo kó wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ka ohun tí mo kọ fún wọn. Mo sọ fún wọn nípa iyọ̀. Mo sọ pé mo mọ̀. Mo sọ ìdí tí mo fi ṣe é pẹ̀lú, nítorí bí n kò bá sọ ọ́, wọ́n á rò pé àṣìṣe ni.

Obìnrin kan bọ́ sẹ́yìn, ó jìnnà sí mi. Adwoa ló gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Òǹtẹ̀ dà?"

"Kò ní òǹtẹ̀."

"Èyí tó ní òǹtẹ̀, irọ́," ìyá àgbà kan wí lẹ́yìn rẹ̀. "Èyí tó jẹ́ òótọ́, kò lóǹtẹ̀. Kí la máa fi ìyẹn bọ́ ọmọ?"

Kwadwo wá gbà á, ó kà á, ó ká a ní mẹ́rin, ó dá a padà fún mi. Ó kí mi kú ọ̀fọ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ, bí ó bá sì ti pe obìnrin kan, á so aṣọ rẹ̀ mọ́ ìbàdí, á máa lọ sínú omi. Àwọn òpó wọn wà lọ́hùn-ún, níbi tí ìgbì ti ń fọ́.

Ó pe Adwoa.

Okùn kan wà lórí iyanrìn, tuntun, tó gùn. Mo gbé orí rẹ̀ kan, mo lọ bá a.

"Kí nìyẹn fún?"

"Nítorí Jọláadé ni," mo ní. "Kò rẹ́ni di okùn mú lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ìgbì dé."

Ó wò mí pẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí Kwadwo fi pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Kò dúpẹ́. Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè, mo sì yí okùn náà mọ́ ọn ní ìbàdí.

"So ó kó le," ó ní.

Mo so ó, ó le. Ó ń lọ, mo dúró nínú omi tó mu mí dé orúnkún, mo di orí kejì mú, mo ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí òkun ti ń mu Adwoa dé àyà, dé èjìká.